Ìbéèrè Tí Delphine Gbé Mì

Ọ̀rọ̀ ìbọn ló mú Delphine Rowell àti Hollis Tharpe mọ ara wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn ẹlòmíràn ń pàdé níbi tí orin ti ń dùn, àwọn wọ̀nyí pàdé níbi tí ọmọdé ti ń ké.

Dókítà àwọn ọmọdé ni Delphine. Jacksonville ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé e wá sí ìlú kékeré kan létí odò Apalachicola, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sin oyin, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n sì ń ṣọdẹ láti ayé baba ńlá wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lásìkò tí igi túpẹ́lò tí àwọn oyin fẹ́ràn ń tanná, ọkùnrin gíga kan gbé ọmọbìnrin kékeré kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Oyin ti ta ọmọ náà lẹ́nu, ètè rẹ̀ sì wú bí àkàrà.

“Ọmọ yín ni?” Delphine bèèrè.

“Ọmọ-ọmọ àǹtí mi ni, mà. Junie ló ń jẹ́. Èmi ni mo ni oyin, nítorí náà èmi ni ẹ máa bá wí.”

Delphine tọ́jú ọmọ náà títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tó máa ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé ọmọ wá. Ṣé ọmọ náà máa ń de bẹ́líìtì nínú mọ́tò? Ṣé ẹnìkan máa ń ṣọ́ ọ tó bá wà létí odò? Ṣé ìbọn wà nínú ilé tó ń gbé, ṣé wọ́n sì ń tì í pa?

Hollis bú sẹ́rìn-ín. “Dókítà, ládùúgbò wa níbí, ẹ̀ bá kúkú bi mí bóyá mo ní ṣòkòtò.”

“Ṣòkòtò kì í pa ọmọ, Mista Tharpe. Mo ti gbé ọmọ tí ìbọn pa lọ́wọ́ rí. Mi ò fẹ́ gbé òmíràn.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Hollis. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà wá láìgbé ọmọ kankan dání. Ìgò oyin wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, kọ́kọ́rọ́ tuntun wà ní èkejì.

“Mo ra àgádágodo sí kọ́bọ́ọ̀dù ìbọn wa,” ó wí. “Mo ní kí n wá sọ fún yín.”

“Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ ọ́ lórí fóònù.”

“Mo mọ̀, mà. Fóònù ò lè gbé oyin ni.”

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Hollis mú un lọ sí ibi tí wọ́n to àpótí oyin sí lórí pákó gíga létí odò, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ kí oyin lè fò kọjá lára ẹni. Wọ́n jọ jẹ ẹja díndín ní bèbè odò, wọ́n jọ ń ju eegun sí ajá. Kí òjò ọdún náà tó dá, “ẹ” tí wọ́n ń pe ara wọn ti di “o”. Ní alẹ́, Delphine a máa bi ara rẹ̀ pé, ṣé èmi yìí ni màá fẹ́ ọdẹ? Ọkàn rẹ̀ a dáhùn pé, ta ni mo tún fẹ́ fẹ́?

Ọdún yẹn náà ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ní Tallahassee, olú-ìlú rẹ̀, ṣe òfin pé dókítà kò gbọ́dọ̀ máa bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ ìbọn bí kò bá ti nídìí pàtàkì. Ẹni tó bá tàpá sí i lè san owó ìtanràn, ó sì lè pàdánù ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Inú bí àwọn dókítà. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́. Àlàyé wọn kò le: ikú ìbọn dà bí àìsàn yòókù, èèyàn lè mọ ohun tó ń fà á, èèyàn sì lè dènà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú gbogbo. Bí ìjọba bá di dókítà lẹ́nu, kí ni yóò fi tọ́jú ènìyàn? Delphine fi orúkọ rẹ̀ sí ẹjọ́ náà.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Hollis mú un lọ sílé bàbá rẹ̀.

Royce Tharpe jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ajá ọdẹ rẹ̀ tó ń jẹ́ Belle sùn lé e lẹ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Kò dìde.

“Ìwọ ni dókítà tó ń ka ìbọn oníbọn?”

“Mi ò kà á, sà. Mo kàn ń bèèrè bóyá wọ́n tì í ni.”

“Kí n tó mọ ìwé kà ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ìbọn. Ọmọ kankan ò kú nílé yìí rí. Ṣé kóòtù ló fẹ́ wá kọ́ mi ní ọmọ títọ́ báyìí?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” Hollis wí.

“Ìwọ dákẹ́. Àwa méjèèjì là ń sọ̀rọ̀.” Ó kọjú sí Delphine. “Ojú rẹ dára, o sì mọ àgbà bọ̀wọ̀ fún, mi ò lè purọ́ mọ́ ọ. Yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ẹjọ́ yẹn. Ọjọ́ tí o bá yọ ọ́ ni màá ra bàtà ìgbéyàwó.”

“Mi ò lè yọ ọ́, sà.”

“Ó dáa. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí ṣì lágbára.”

Delphine sunkún nínú mọ́tò títí wọ́n fi dé ojú títì. Láti ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún Hollis, nítorí kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó ya ọmọ nípá kúrò lára bàbá. Hollis náà kò pè é. Ìgò oyin tó kẹ́yìn wà lórí tábìlì rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè gbé e kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá ìyẹ̀wò bá ṣí, yóò yára wò bóyá Hollis ni. Ta ni kò mọ irú ìyà yẹn rí?

Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni Àǹtí Verdie, àbúrò Royce, ìyá-ìyá Junie. Ẹ̀pà sísè ló máa ń tà létí ọ̀nà, kò sì sí ìjà kan ládùúgbò tí kì í tẹnu bọ̀. Ó bá Royce sọ̀rọ̀, ó bá Hollis sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀pà gbígbóná wá bá Delphine.

“Jẹun,” ó wí. “O ti rù. Ọmọ wa náà ti rù. Ẹ̀yin méjèèjì ò ju egungun lọ mọ́, egungun ò sì dáa fún ìgbéyàwó.”

“Àǹtí, mi ò ní yọ orúkọ mi.”

“Ta ló ní kí o yọ ọ́? Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Ó ní kí o máa ṣẹjọ́ rẹ lọ, kí o bá ìjọba jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun kan ló ń fẹ́. O ò gbọ́dọ̀ bèèrè ọ̀rọ̀ ìbọn nínú ilé rẹ̀ láéláé. Nílé rẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni ọ́, o kì í ṣe dókítà níbẹ̀.”

Delphine wo ẹ̀pà tó wà níwájú rẹ̀. Ó rò ó pé ilé kan ṣoṣo ni, nínú gbogbo ilé tó wà ládùúgbò. Kò sì sí ọmọdé tó ń gbé ibẹ̀.

“Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́,” Àǹtí Verdie wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Gbé ìbéèrè kan yìí mì fún wa, kí o fi gba ọkọ.”

Delphine gbé e mì. Royce ra bàtà. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ igi óòkù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Royce sì fún un ní aṣọ ìbojú tí ìyàwó rẹ̀ fi máa ń wọ àárín oyin. Ó ní, “Ẹni tó ni ín ì bá fẹ́ràn rẹ. Òun náà máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: Delphine wá fẹ́ràn bàbá yẹn. Ní ọjọọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán. Royce a máa bi í pé, “Ìyàwó wa, ìjọba ń kọ́? Ṣé ẹ ti nà wọ́n?” Delphine a sọ pé àwọn borí ní kóòtù kan, ìjọba sì gbà á padà ní kóòtù kejì, àwọn tún ti ń lọ sókè. Royce a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Delphine lọ jókòó ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tí lọ́yà ìjọba dìde tó ní ńṣe ni àwọn dókítà ń yọ àwọn oníbọn lẹ́nu, ó rántí ẹ̀rín bàbá ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ díẹ̀. Kò fẹ́ yọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu láéláé.

Ìgbà tó yá ni ojú Royce bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Oníṣègùn ojú ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè rí oyin mọ́, igbó tó sì ti ń ṣọdẹ láti kékeré di èéfín lójú rẹ̀. Ó ń fi bí nǹkan ṣe rí ṣàwàdà, ó ní òun ti rí ilé ayé tó, kí àwọn ọmọdé máa wò ó lọ. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Ní Sọ́ńdè kan tí ìgbà ọdẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Delphine dé ilé bàbá, kò rí Belle.

“Ajá ńkọ́, Bàbá?”

“Mo ti fún Lamar, aládùúgbò wa. Ó ń fẹ́ ẹ láti ọjọ́ pípẹ́.”

Delphine mú síbí rẹ̀ dúró. Kò sí ọdẹ létí odò náà tó máa fi olórí ajá rẹ̀ tọrẹ nígbà tí igbó fẹ́ ṣí. Yóò kọ́kọ́ fi ilé tọrẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Delphine mọ ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ bèèrè ní irú àkókò yẹn, ó ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà bí wọ́n ṣe ń bèèrè rẹ̀. Ìbéèrè náà dé ẹnu rẹ̀. Royce gbé ojú rẹ̀ tó ti ṣú sókè, ó kọ ọ́ sí i, bí ẹni tó ń dúró de nǹkan.

“Ẹ bá mi na búrẹ́dì yẹn, Bàbá,” ni Delphine wí.

Nínú mọ́tò, ó bẹ Hollis. “Ìwọ bi í. Ọmọ rẹ̀ ni ọ́. Jẹ́ ká kó ìbọn yẹn wá sílé wa fún ìgbà díẹ̀.”

“Wọ́n ti gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. O tún fẹ́ kí n gba ìbọn? Kí ló máa kù fún un?”

“Hollis, ẹ̀rù ń bà mí.”

“O ṣèlérí, Del. Jọ̀ọ́, má bèèrè. Máa wo bàbá mi bí bàbá, má máa wò ó bí aláìsàn.”

Delphine pinnu pé tó bá di Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ìlérí yòówù kó jẹ́, òun á bèèrè. Kí Sọ́ńdè náà tó pé, Àǹtí Verdie bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ahéré ẹ̀yìn ilé, níbi tó ti kú ikú ìbọn.

Ní agbègbè yẹn, ọkùnrin kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kú. Ìbọn tó ń nù ló máa ń ṣèèṣì yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá ṣe sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni pásítọ̀ ṣe sọ ọ́ níbi ìsìnkú, gbogbo ọdẹ tó dúró níbẹ̀ sì mi orí. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é, kí ojú má ti ẹbí. Delphine dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Hollis náà mọ̀.

Ẹjọ́ àwọn dókítà ń lọ lọ́wọ́. Lọ́yà wọn pe Delphine lórí fóònù. Ó bá a kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ó ní àwọn dókítà míràn fẹ́ fi ìtàn àwọn aláìsàn ti ẹjọ́ náà lẹ́yìn, kí àwọn adájọ́ lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan kò bá bèèrè. Ṣé ó lè sọ ti bàbá ọkọ rẹ̀?

Delphine kò fi pa mọ́ fún Hollis. Ó ń kó abọ́ lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́.

“O fẹ́ gbé bàbá mi lọ sí kóòtù,” Hollis wí.

“Mi ò tíì dáhùn. Mo ń bi ọ́ ni.”

“O ń bi mí?” Ohùn rẹ̀ yí padà. “Ìwọ tó ń bi gbogbo ayé! O bi mí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ríra. Ò ń bi aboyún, ò ń bi ìyá arúgbó. Kí ló dé tí o ò bi bàbá mi?”

Abọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ Delphine, ó fọ́. Ó lè sọ pé, ìwọ lo ní kí n má bèèrè. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Kò sọ ọ́, nítorí ẹyin lohùn, ilẹ̀ sì ti kún fún àfọ́kù tó.

Lọ́jọ́ kejì, Hollis kó aṣọ rẹ̀ sínú mọ́tò, ó ní òun á máa sùn nínú àgọ́ tó wà lọ́dọ̀ oyin títí ara òun á fi balẹ̀. Ìbọn bàbá rẹ̀ wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Delphine rí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ogún bàbá rẹ̀ ni, kò sí ọdẹ tí kì í gbé ìbọn. Ó ní, “Máa rọra,” ó sì wọlé.

Ó sọ fún lọ́yà pé kò ní sọ ìtàn kankan. Kérésìmesì kọjá. Hollis ń dáhùn fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dín kù bí òróró fìtílà.

Nígbà tó di oṣù Kejì, ìdájọ́ dé. Àwọn dókítà borí. Kóòtù ní ìjọba kò lè di dókítà lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ìbọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, wọ́n ń ké, ẹnìkan ń sunkún ayọ̀ lórí fóònù. Delphine dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó jókòó sí yàrá ìyẹ̀wò láàárín àwòrán ẹranko tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri fún àwọn ọmọdé, ó rò ó pé òun ti bá ìjọba jà fún ẹ̀tọ́ láti la ẹnu òun, òun sì fi ọwọ́ ara òun di í.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Verdie bá a.

“Dìde, jẹ́ ká lọ bá ọkọ rẹ. Ẹ ti borí, àbí? Kí a lọ sọ fún un.”

“Kò ní fẹ́ gbọ́, Àǹtí.”

“Dìde, mo ní.”

Àǹtí Verdie ló wa mọ́tò. Wọ́n wọ inú igbó.

“Ẹ̀gbọ́n mi ò nu ìbọn kankan,” ó wí lójijì.

“Mo mọ̀, Àǹtí.”

“O ò mọ̀. Èmi ni mo gbé àkísà àti òróró síbẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Mo gbé àkísà sí i lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbóná díẹ̀, Delphine.” Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. “Èmi ni mo ní kí o má bèèrè, èmi náà ni mo tún bò ó. Mo rò pé mò ń tún ilé ṣe ni. Nísinsìnyí, ọkọ rẹ ò fẹ́ jẹ ẹ̀pà mi mọ́. Mo gbé ẹ̀pà lọ fún un ní àná, ó ní kí n mú Junie wá nígbà míràn, kó lè dágbére fún oyin. Ó ní òun fẹ́ fi àpótí oyin gbogbo fún Lamar.”

Igi túpẹ́lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tanná. Kò sí ẹni tó ń sin oyin létí odò náà tó máa fi oyin tọrẹ nígbà tí òdòdó fẹ́ yọ. Delphine tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó.

“Àǹtí, ẹ sáré.”

Wọ́n bá Hollis lórí pákó létí odò, ó jókòó, irùngbọ̀n bo ojú rẹ̀. Oyin ń lọ, oyin ń bọ̀ lókè orí rẹ̀.

“Mo gbọ́ lórí rédíò,” ó wí. “Ẹ borí. Ṣé o sọ ti bàbá mi fún wọn?”

“Rárá.”

“Ó ṣeun.”

Delphine jókòó tì í, èjìká wọn kan ara wọn. Ó ti bèèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ rí, ohùn rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Ó gbọ̀n lọ́jọ́ náà.

“Hollis, ọkọ mi. Ṣé o ti ń rò ó láti pa ara rẹ?”

Àǹtí Verdie fi ọwọ́ bo ẹnu. Hollis kò wo ẹnikẹ́ni. 

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó wí.

“Níbo ni ìbọn wà?”

“Nínú àgọ́. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Àǹtí Verdie wọlé, ó gbé e jáde, ó yọ ọta rẹ̀, ó sì gbé e lọ tì mọ́ inú mọ́tò. Delphine di ọkọ rẹ̀ mú pinpin. Ó ní wọ́n jọ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sàn-án yẹn gan-an, òun kò sì ní fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Hollis gbé orí lé e láyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

“Ojoojúmọ́ ni mò ń retí kí o bi mí,” ó wí. “Bí fóònù bá ti dún, màá ní, òun nìyẹn, ó fẹ́ bi mí. Mi ò lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́, Del. Ẹni tó máa bi mí ni mò ń retí.”

 Tábìlì Royce ni Delphine ń rò, ojú tó ti ṣú tó gbé sókè sí i, àti búrẹ́dì tí bàbá náà fọwọ́ wá káàkiri títí ó fi rí i, tó sì nà án sí i.